Ìwọ̀n Tí Àṣàkẹ́ Kò Kọ Sílẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìíní, ọdún 2025, ni ìyàwó mi kú, ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Mùlíkátù Àṣàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. A sin ín lọ́jọ́ náà kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Mi ò sunkún. Àwọn ènìyàn wo ojú mi, wọ́n sì gbójú kúrò.

Fàsásì Ajíbóyè ni mí, ọmọ Ìkòròdú. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ orúkọ èrò ọkọ̀ ní Èbúté Ìkòròdú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mi, nítorí bí ọkọ̀ bá dà, ìwé yẹn nìkan ni yóò sọ ẹni tó wà nínú omi. Bí mo ṣe ń kọ orúkọ èrò ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù Kẹta, ọdún 1978, ni mo kọ́kọ́ rí i. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Ó dúró lórí ìlà pẹ̀lú àpò kan.

“Orúkọ?”

“Mùlíkátù.”

“Ibo lò ń lọ?”

“Ẹ̀pẹ́ ni, bùrọ̀dá akọ̀wé.”

Mo kọ ọ́. Mi ò wo ojú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dé.

“Orúkọ?”

Ó ń wò mí. “Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

“Èrò mélòó ni mo ń kọ lọ́sẹ̀ kan? Orúkọ rẹ ni mò ń bèèrè.”

“Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, ẹ ò rántí. Èmi tí mo kàn ń gbọ́, mo rántí gbogbo wọn. Àlímì ló wà níwájú mi, ó ń lọ Èjìnrìn, ó fa ewúrẹ́ méjì. Ìyá kan wà níwájú tirẹ̀, Lateefat, ó ń bẹ̀rù omi. Israel ló tẹ̀ lé mi, ẹ kọ tirẹ̀ ní àṣìkọ, ẹ sì pa á rẹ́.”

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà kan ní, “Akọ̀wé, gbé ìwé yẹn fún ọmọ yìí, kí o máa bá wa ru ẹrù.”

Inú bí mi. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, mo ṣí ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá wò. Bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí, títí dé orí ohun tí mo pa rẹ́.

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ aránṣọ ló ń kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú, àti pé ó ń lọ sílé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ láti tọ́jú ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó gbé aṣọ kan tí a wé sínú bébà lé orí tábìlì mi. Bùbá funfun ni.

“Ta ló wọ̀n mí?” ni mo bi í.

“Mo wò yín. Ọ̀gá mi ní aránṣọ tó bá ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀, ojú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́.”

“Mi ò bẹ̀ ọ́ ní aṣọ.”

“Mo mọ̀. Ẹ ò lè bẹ ènìyàn ní nǹkan kan, ojú yín le jù.”

Mo wọ̀ ọ́ nílé. Kò fún mi, kò sì tóbi jù. Kò sí aránṣọ kankan tó tíì rán aṣọ fún mi tí kò mú un padà lọ tún èjìká rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó ṣe rí ni mo ṣe sọ ọ́. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà sọ ọ́.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mo ti rí ìyàwó, ó ṣe ohun tí gbogbo bàbá ń ṣe. Ó ní kí á lọ wádìí ìdílé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Fàlílátù, ni ó rán lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó lo ọjọ́ méjì. Nígbà tó dé, kò tilẹ̀ tíì tú gèlè rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

“Ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọn kò jalè, wọn kò sì ya wèrè. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Mo wọlé, ó ń pè mí ní ìyá rẹ̀. Aládùúgbò kan sì sọ fún mi pé ìyá tó bí i náà ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kú.”

Bàbá mi fi ọwọ́ pa ojú. “A kì í rí ilé tó ń jò lójú ọ̀sán, ká tún lọ tẹ́ ẹní síbẹ̀ lóru. Fàsásì, wá ẹlòmíràn.”

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ fúnra mi. Mo kọ orúkọ mi sínú ìwé kí n tó wọ̀ ọ́. Mo bá Mùlíkátù lẹ́yìn ilé, ó ń fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ. Kò dìde.

“Wọ́n ti rí i, àbí? Ẹ máa lọ, mi ò ní bínú. Èmi náà ì bá sá.”

“Mi ò wá kí ọ pé ó dìgbà.”

“Bí èmi náà bá gbàgbé yín lọ́jọ́ kan ńkọ́?”

“Èmi á rántí.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ò rántí orúkọ fún ọ̀sẹ̀ kan.”

“Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Ìyá rẹ̀ gbé ojú sókè, ó wò mí pẹ́. “Ta ni ọkùnrin yìí?”

“Akọ̀wé ni, Ìyá.”

“Ó ti jẹun?”

Bàbá mi kọ̀ fún odindi ọdún kan. Àwa méjèèjì dúró. Nígbà tó yá, ó ní, “Ojú rẹ ni yóò rí i, kì í ṣe tèmi.” A so yìgì ní ọdún 1979. Ní ọdún kejì a bí Bùnmi, ọmọ wa kan ṣoṣo.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sábó ní Ìkòròdú. Kò ní ìwé ìwọ̀n. Bí oníbàárà bá wọlé, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹni tó rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí, bó padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, á sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún un kó tó jókòó. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1986 láì mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń gbọ́ ọ ní ìdájí, tó ń ka ìwọ̀n oníbàárà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ń dán ara rẹ̀ wò. Ẹ̀rù ń bà á. Mi ò sọ pé mo ń gbọ́.

Ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ aránṣọ pe nọ́ọ̀sì kan láti Ìmọ́tà wá sí ìpàdé wọn. Waliyah ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó sọ gbogbo ohun tí wọ́n wí fún mi láì fo ọ̀rọ̀ kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé, “Abẹ́rẹ́ tí ẹ gbàgbé sínú omi, kí ló máa ń ṣe?”

“Ó máa ń dógùn-ún.”

“Ara wa náà ń dógùn-ún nínú bí ọdún ṣe ń lọ, ọpọlọ pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí tó ń jẹ irin, ó ń jẹ àwa náà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ewébẹ̀ àti èso tó láwọ̀, tó ń dènà rẹ̀. Antiọ́ksídáǹtì ni wọ́n ń pè é.”

Obìnrin kan ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é ní ẹ̀fọ́.”

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ìyàwó mi dìde. Ó ní, “Ìyá mi kò mọ̀ mí kó tó kú. Ìyá rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀fọ́ lè gbà mí?”

“Ìyá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó lè dín ewu kù. Mi ò lè sọ pé kò ní dé.”

Láti ọjọ́ náà ni ìkòkò wa ti yí padà. Ewúro, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀. Ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò, láì fi ṣúgà sí i. Àgbálùmọ̀ tí àkókò rẹ̀ bá tó. Ẹja ọ̀sà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Kò jó epo mọ́ títí yóò fi funfun, bó ṣe pupa ló ń fi sè é. Kì í sì í fọ ewúro títí ìkorò rẹ̀ yóò fi lọ.

“Ó korò,” ni mo wí.

“Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, olówó orí mi. Tí mo bá fọ ìkorò rẹ̀ tán, kí ló kù níbẹ̀?”

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe ń bù ú. Ní ilé wa, àwo baálé ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwo ńlá ni tèmi. Á kó ẹ̀fọ́ sí i títí yóò fi ga, á gbé ẹja lé e. Èyí tó bá kù sí ìdí ìkòkò, òun ni á fi ẹ̀kọ nù jẹ nínú àwo kékeré kan tó ya létí. Bí àgbálùmọ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, mẹ́ta ni tèmi.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. “Àṣàkẹ́, kí ló dé tí tìrẹ kì í kún?”

“Bí ọ̀kan nínú wa bá máa gbàgbé, kó má jẹ́ akọ̀wé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2018, oníbàárà kan tí à ń pè ní Ìyá Wùnmí wá gba aṣọ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, kò kọjá igbá àyà. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀. “Ìyá Bùnmi, ṣé ẹ fẹ́ kí n padà di wúńdíá ni? Ìwọ̀n tí mo ní kí n tó lọ sílé ọkọ lẹ rán yìí. Ọmọ mẹ́ta ló ti kọjá níbẹ̀ o.”

Ìyàwó mi wo aṣọ náà, ó wo obìnrin náà. “Ìwọ̀n rẹ nìyẹn,” ló wí. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù aṣọ. “Bàbá Bùnmi, ó ti dé.”

Mo ní kò tíì dé. Irọ́ ni mo pa. Láàárín ọdún méjì, ṣọ́ọ̀bù ti tì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi kaná, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, á lọ. Ó ń pe Bùnmi ní orúkọ ìyá tirẹ̀ tó ti kú.

A lọ rí dókítà, a sì lọ rí Nọ́ọ̀sì Waliyah, tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ṣí ìwé mi, mo ka ohun gbogbo tí à ń jẹ fún un. Mo fẹ́ kó sọ ibi tí a ti ṣe àṣìṣe. Ó gbọ́ ọ tán.

“Bàbá, oúnjẹ yìí dára. Ta ló ń jẹ ẹ́?”

Mo ṣí ojú ewé mìíràn. Ó tún bi mí. Mo sọ nípa àwo ńlá àti àwo kékeré. Ó gbé ọwọ́ lé ìwé mi, ó pa á dé.

“Ẹ má gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé orí ara yín. Ó wà nínú ìdílé wọn. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ gbogbo ìkòkò náà, àìsàn yìí ṣì lè dé.”

“Ó lè má tíì dé.”

“Ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Mi ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀.”

Nígbà tí a délé, mo dáná fúnra mi. Mo bu ẹ̀fọ́ sí àwo ńlá, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo bu díẹ̀ sí kékeré fún ara mi. Ó wo àwo méjèèjì. Lọ́jọ́ náà, kò mọ ọdún tí a wà, kò sì mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ó gbé àwo ńlá padà síwájú mi, ó sì fa kékeré sọ́dọ̀.

“Jẹ ẹ́, Àṣàkẹ́. Tìrẹ ni.”

“Ti baálé ni,” ló wí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi fà á. Ní ọjọ́ kẹrin, mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àwo ńlá, a sì jọ fi ọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jẹun títí.

Ní oṣù Kejì, ọdún 2024, ó jáde láàárọ̀, kò padà. Ní Èbúté ni wọ́n ti rí i, ó dúró pẹ̀lú àpò kan, ó ní òun ń dúró de akọ̀wé kó wá kọ orúkọ òun, òun ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn.

Àbúrò rẹ̀, Mùsílíù, tó ń pẹja ní Ẹ̀pẹ́, wá rí wa. Fàlílátù ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sílé, ẹ̀gbọ́n,” ni Mùsílíù wí. “Ẹ ti gbìyànjú. Ibẹ̀ ló mọ̀. Ibẹ̀ ló ń wá kiri.”

Fàlílátù ní, “Òótọ́ ló sọ. Bàbá wa rí ọjọ́ yìí kó tó dé. Jẹ́ kó lọ, Fàsásì. Ìwọ náà ti dàgbà.”

“Yóò lọ,” ni mo wí. “Èmi náà á bá a lọ.”

Fàlílátù pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Ọkùnrin wo ló ń lọ gbé nílé àna? Ṣé wọ́n fi ọ́ ṣe ìyàwó ní Ẹ̀pẹ́ ni? Kí wọ́n wá san owó orí rẹ fún wa, ká lè mọ̀.”

“Ẹ bá mi di ẹrù, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó bá mi di ẹrù.

Oṣù mẹ́wàá ni mo fi gbé ilé àna mi. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀. Ní àràárọ̀, á jókòó sẹ́yìn ilé níbi tí ìyá rẹ̀ ń jókòó sí, á máa wo ọ̀sà. Ní ọjọ́ kan, ó kọjú sí mi.

“Bùrọ̀dá akọ̀wé, ṣé ọkọ̀ ti dé?”

Ó ti tó ọdún márùndínláàádọ́ta tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn kẹ́yìn. Mo wọlé, mo mú ìwé àti bírò jáde. Mo jókòó síwájú rẹ̀.

“Orúkọ?”

“Mùlíkátù.”

“Ibo lò ń lọ?”

“Ẹ̀pẹ́ ni.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ara rẹ̀ rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe é ní àràárọ̀. Nígbà mìíràn á dá mi mọ̀ ní akọ̀wé, nígbà mìíràn á rò pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni mí. Kò tún pè mí ní Bàbá Bùnmi mọ́.

Ní oṣù Kọkànlá, ó bèèrè abẹ́rẹ́. Mùsílíù kò fẹ́ kí á fún un. Mo fún un, mo sì fún un ní aṣọ búlúù kan tó wà nínú àpótí. Ó gé e láì wọ̀n ọ́n. Ó ń fi ọwọ́ rán an díẹ̀díẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ń bọ̀, á tì í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo bi í pé ta ló ń rán aṣọ fún.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Akọ̀wé kan wà ní Èbúté Ìkòròdú. Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ènìyàn dáadáa ni. Ẹ má sọ fún bàbá mi o.”

“Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?”

“Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò tíì mọ̀.”

Mo wo ọ̀sà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan ń kọjá lọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n arúgbó ló wà níwájú rẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ sì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún.

“Mi ò ní sọ fún bàbá rẹ,” ni mo wí. “Akọ̀wé náà mọ̀, Àṣàkẹ́.”

“Ẹ dá a mọ̀?”

“Mo dá a mọ̀.”

“Ó ti jẹun?” ló bèèrè.

Mo ní ó ti jẹun. Mo ní ó jẹun dáadáa.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ibà mú un. Kò jẹ nǹkan kan mọ́ ju omi àgbálùmọ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo mú ìwé, mo bi í ní orúkọ. Kò dáhùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ohun tí ó fi sílẹ̀ nìyí.

Bùnmi, ọmọ wa.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ní Ìkòròdú.

Sísọ́ọ̀sì méjì. Ọ̀kan ti dógùn-ún.

Ìgò sóbò kan, ó ku ìdajì. Ìṣápá gbígbẹ nínú ike kan.

Hóró àgbálùmọ̀ mọ́kànlá lórí igi fèrèsé.

Àwo ńlá kan. Àwo kékeré kan tó ya létí.

Ìwé mi kan, ojú ewé mẹ́tàléláàádọ́rin, orúkọ kan náà.

Orí mi, tí nǹkan kan kò tíì ṣe. Mo rántí gbogbo rẹ̀.

Bùbá funfun kan, ti ọdún 1978. Ó ti pọ́n díẹ̀ lọ́rùn. Ó ti pẹ́ tí kò ti gbà mí mọ́.

Bùbá búlúù kan, lábẹ́ ìrọ̀rí, ó rán an parí. Mo gbìyànjú láti wọ̀ ọ́, kò kọjá èjìká mi. Mo tẹ́ méjèèjì lé ara wọn lórí ibùsùn. Wọ́n dọ́gba.